Iye Kan Náà, Àpò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìdọ́gba Owó Ibodè Láàrin Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1898, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris. Ààlà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọn, nítorí òun ló parí iṣẹ́ tí àdéhùn 1889 bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n gé Kétu àti Sàkétẹ́ kúrò lára àwọn ìbátan wọn tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abala 9 rẹ̀ ni kò gbajúmọ̀. Ohun tó wí ni pé fún ọgbọ̀n ọdún, ọmọ Faransé àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹrù wọn, kò gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀ kankan nínú òwò, owó ibodè tàbí owó orí ní àwọn ilẹ̀ tí àdéhùn náà kàn. Oníṣòwò Marseille tó bá já ẹrù sílẹ̀ ní Èkó kò ní san ju ohun tí ará Liverpool ń san lọ.

Ṣùgbọ́n abala kan náà ló tún fi ìjọba kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pé kó máa bu iye tó bá wù ú lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn èèyàn ni wọ́n mú dọ́gba. Wọn ò mú èbúté dọ́gba. Èkó lè bu tirẹ̀, kí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀ òde òní) bu tirẹ̀, bí wọn kò bá ṣáà ti fi iye kan gba ọmọ ilé kí wọ́n fi òmíràn gba àlejò. Bẹ́ẹ̀, owó ibodè orí ọtí líle ló ń gbọ́ bùkátà ìjọba Èkó nígbà náà. Nígbàkígbà tí iye Àjàṣẹ́ bá ti rẹlẹ̀ sí ti Èkó, ọ̀sà ni jíìnì ń gbà wọlé. A. I. Asíwájú, onímọ̀ ìtàn, nínú ìwé tó kọ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó (1976), fi hàn pé àwọn tó ń gbé ẹ̀bá ààlà yìí kò jókòó kí ààlà máa dà wọ́n láàmú. Wọ́n ń rékọjá rẹ̀ láti sá fún owó orí, fún iṣẹ́ àfipáṣe, fún àwọn tó ń kó ọmọ èèyàn lọ sójú ogun.

Àríyànjiyàn mi ni pé àléébù 1898 yẹn ṣì wà lára àdéhùn tí à ń lò lónìí. Iye owó ibodè tó dọ́gba láàrin orílẹ̀-èdè méjì kò lè fìdí múlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àpò tí owó náà ń wọ̀ bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní 2013, ní Dakar, àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò sórí iye kan ṣoṣo fún ẹrù tó bá ti òkèèrè wọ agbègbè wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2015. Ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ti ń lo mẹ́rin àkọ́kọ́ láàrin ara wọn láti ọdún 2000. Nàìjíríà ló tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí wọ́n fi ìkarùn-ún kún un, kí ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè rí ibi fara pamọ́ sí.

Lórí ìwé, ìpele 10 ni ìrẹsì wà. Èbúté Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀ ń gba 10, èbúté Àpápá ní Èkó náà ń gba 10, àmọ́ ní 2014, Nàìjíríà gbé àlékún 60 gun orí rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, gbogbo rẹ̀ wá di 70. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá àdéhùn mu. Ọgọ́ta tó kù ń jẹ́ orúkọ mìíràn, wọ́n sì rò pé orúkọ lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ká ní àpò ìrẹsì kan tó 20,000 náírà nígbà tó kúrò nínú ọkọ̀ òkun. Àpápá á gba 14,000 lórí rẹ̀, Kútọnu á gba 2,000. Nínú 12,000 tó wà láàrin ni wọ́n ti ń san owó ilé ìkẹ́rùsí, owó ọlọ́kadà tó to àpò sẹ́yìn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lẹ́bàá Ìdí-Ìrókò, àti owó àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá a dúró. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni èrè oní-fàyàwọ́, ó sì máa ń ṣẹ́ kù dáadáa.

Irú ìrẹsì náà pàápàá ń tú àṣírí. Èyí tí wọ́n ti sè pẹ̀lú èèpo kí wọ́n tó pa á ni ọmọ Nàìjíríà ń fẹ́, nítorí kì í lẹ̀ mọ́ra nínú ìkòkò, ó sì lè fara da iná jọ̀lọ́ọ̀fù. Ará Bẹ̀nẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ìrẹsì funfun lásán ni tiwọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ yanturu irú ti Nàìjíríà yìí ló ń gúnlẹ̀ ní Kútọnu. Stephen Golub, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kọ nípa òwò yìí ní 2012. Ogún ọdún ṣáájú rẹ̀ ni John Igué àti Bio Soulé ti pe Bẹ̀nẹ̀ ní ìjọba ilé ìkẹ́rùsí, láìpe ẹnikẹ́ni lólè.

Àwọn tó ń sọ pé Bẹ̀nẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi kò wo ohun tí Nàìjíríà ṣe lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ìjọba ní ìrẹsì kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nígbà tó fi di 2017, ó kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìrẹsì Thailand kan náà, nínú àpò kan náà, jẹ́ ọjà bó bá gba Àpápá wọlé, ó sì jẹ́ èèwọ̀ bó bá gba ibodè Sẹ̀mẹ̀. Kò sí bí a ṣe fẹ́ pe èyí ní ìdọ́gba. Àdéhùn 1898, ti àwọn amúnisìn, kò dá irú rẹ̀ láre.

Ẹ̀yìn èyí ni ìtìpa ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 dé, tó gbé Sẹ̀mẹ̀ tì títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Talon ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣí ibùdó aṣọ́bodè àpapọ̀ tuntun níbẹ̀. Ìtìpa yìí kò ya oní-fàyàwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àgbẹ̀. Tòmátò Grand-Popo, tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ hù, tí òfin ECOWAS sì ní kó wọlé láìsan kọ́bọ̀, jẹrà sọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín.

Ṣé kí Nàìjíríà kàn sọ 70 di 10 ni? Ìdáhùn tó ya ni lẹ́nu ni pé ó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróò dópin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òwò kpayo tó ń kó epo Nàìjíríà lọ sí Bẹ̀nẹ̀ rọ wọ̀ọ̀, láìsí pé wọ́n fi ṣọ́jà kún ẹnu ibodè. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ ìrẹsì Kebbi tàbí ti Igbemo Èkìtì pé òun ni yóò san gbèsè ìdọ́gba yẹn? Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbin oúnjẹ tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo àgbẹ̀ rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe gbé iye tirẹ̀ sókè tìtorí àgbẹ̀ ẹlòmíràn, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé owó ibodè jẹ́ òpó pàtàkì nínú owó tí ìjọba rẹ̀ ń ná. Ohun tó jẹ́ ààbò ní Abuja, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló jẹ́ ní Kútọnu.

Gúúsù Áfíríkà ti bá irú ìṣòro yìí jà láti 1910. Òun pẹ̀lú Botswana, Lesotho, Eswatini àti Namibia ń da owó ibodè wọn sínú àpò kan, wọ́n sì ń fi ìlànà pín in. Ìlànà tí wọ́n ń lò báyìí wá láti àdéhùn 2002. Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Pretoria ń ráhùn pé òun ń fún àwọn kéékèèké ní púpọ̀ jù, àwọn kéékèèké sì ń ráhùn pé Pretoria ló ń dá iye bù. Ṣùgbọ́n Lesotho kò rí èrè kankan nínú kó gba ìwọ̀nba lọ́wọ́ oníṣòwò kí ẹrù lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ yọ sí Johannesburg.

Àpò odindi fún ECOWAS ti tóbi jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ fi dán an wò, ìyẹn ìrẹsì tí a sè kí a tó pa yìí, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ ilé tó ń lọ. Kí Kútọnu máa gba iye Nàìjíríà lórí rẹ̀ ní èbúté, kó yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ àti ìpín tí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn lé lórí, kó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí Abuja. Nàìjíríà náà á wá mú òfin 2016 kúrò, kí ìrẹsì tó ti sanwó ní Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá ní ọ̀sán gangan. Nínú àpò 20,000 náírà tí a fi ṣàpẹẹrẹ, bí ìpín Bẹ̀nẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ 3,000, ó ti ju 2,000 tó ń gbà lọ, 11,000 á sì dé ọwọ́ Abuja lórí ẹrù tí kì í rí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí Kútọnu àti àwọn ọlọ́kadà ni yóò pàdánù, wọn kò sì ní gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́.