Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ọ̀rọ̀ Rédíò àti Èsì Ara

Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá, kò sí èyí tó wù mí tó asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. A- ló ṣáájú, èyí tí a fi ń sọ ìṣe di olùṣe, bíi ti apẹja àti aránṣọ. Sọ̀rọ̀ ló tẹ̀ lé e: sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ni wọ́n so pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni má, tí í kọ nǹkan, irú èyí tó wà láàárín awímáyẹhùn, orúkọ tí a fi ń ki Ọlọ́run tí kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Gbèsì ló kẹ́yìn: gba pẹ̀lú èsì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe sọ rédíò lórúkọ.

Orúkọ náà bá a mu gẹ́lẹ́. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ni, ohùn òyìnbó láti Lọ́ndọ̀nù sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Èèyàn lè bá a jiyàn, ó lè ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, ó lè bú u. Àpótí kò gbọ́. Lóde òní àwọn olùgbọ́ ń pe ilé iṣẹ́ rédíò láti dá sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n fi ń pè. Àpótí tó wà lórí tábìlì ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú orúkọ yìí, èsì, ni mo fẹ́ ká dúró tì. Èsì ni ohun tí ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ ń dá padà: wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ, o fèsì. Èsì náà sì ni ohun tó ti inú àyẹ̀wò jáde: èsì ìdánwò, èsì ìbò, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe méjèèjì, ọgbọ́n ńlá ló sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè ni ìdánwò tí olùkọ́ gbé kalẹ̀. Ìbéèrè ni ìbò tí wọ́n ní kí ìlú dì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá aláìsàn, ìbéèrè ni wọ́n fẹ́ fi í bi ara. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ pé kò sí èsì tí ìbéèrè kò ṣáájú. Ìdí nìyí tí ìtàn ìgbì rédíò fi dùn ún sọ ní èdè wa: agbára tí a sọ lórúkọ nítorí pé kì í gba èsì ni àwọn onímọ̀ fi ń gba èsì lónìí lọ́wọ́ wáyà tó wà lábẹ́ ilẹ̀, lọ́wọ́ òfuurufú, àti lọ́wọ́ ara ènìyàn.

Heinrich Hertz, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fi ìgbì yìí hàn ní ìlú Karlsruhe láàárín 1887 sí 1888. Orúkọ rẹ̀ la fi ń ka iye ìgbà tí nǹkan ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó ń wọlé wa ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá: 50 Hz. Ìgbì rédíò FM ń mì nígbà mílíọ̀nù 88 sí mílíọ̀nù 108. Iná kan náà ni àwọn méjèèjì ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í gbà wọ́n bákan náà.

Ọmọ Faransé kan, Jacques-Arsène d'Arsonval, ṣàlàyé èyí ní nǹkan bí 1891. Bí iná ilé bá gbé ènìyàn, iṣan rẹ̀ á gan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè tú kúrò lára wáyà, ọkàn rẹ̀ lè dúró. D'Arsonval rí i pé bí mímì iná náà bá ti kọjá ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, iṣan kì í fà mọ́. Ooru nìkan ló kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé iná ti yí padà kí iṣan tó rí àyè dá a lóhùn. Ìgbì náà ń sọ̀rọ̀, iṣan kò fèsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni lóòótọ́, àìgbèsì yìí sì ni iṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, nítorí a lè rán ooru lọ sínú ẹran ara láìjẹ́ pé iná gbé aláìsàn.

Ibi tí èyí ti so èso jù ni iṣẹ́ abẹ. Harvey Cushing, àgbà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fẹ́ yọ kókó kan tó kún fún ẹ̀jẹ̀ kúrò ní orí aláìsàn rẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà débi pé ó ní láti dáwọ́ dúró. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1926, ó tún gbé aláìsàn náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀rọ tí William Bovie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Harvard, ṣe. Kókó náà jáde. Títí dòní, àwọn dókítà púpọ̀ ṣì ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Bovie.

Ẹ wo bó ti ń ṣiṣẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ dókítà. Iná tó ń mì nígbà bí ọ̀kẹ́ àìmọye ní ìṣẹ́jú àáyá kó jọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Ẹran tó kàn án gbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dì, ojú òpó ẹ̀jẹ̀ pa dé. Iná náà gba inú ara kọjá, ó sì gba ara awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ itan aláìsàn jáde. Awẹ́ yìí fẹ̀, nítorí náà ooru kò rí ibi kó jọ sí. Ṣùgbọ́n bí apá kan rẹ̀ bá ṣí kúrò lára, gbogbo iná á rọ́ gba ibi kékeré tó kù, itan aláìsàn á sì jó nígbà tó ń sùn. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fọwọ́ tẹ awẹ́ náà yíká títí gbogbo igun rẹ̀ fi lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé kò fi í mọ sí ọwọ́ nọ́ọ̀sì nìkan: wọ́n pín awẹ́ sí méjì, wọ́n sì ń fi ìṣàn iná kékeré kan bi í léèrè lemọ́lemọ́ bóyá ó ṣì lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Bí èsì rẹ̀ bá yí padà, ẹ̀rọ á ké, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Inú irinṣẹ́ tó ń jóni yìí gan-an ni gbígba èsì ti yọjú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège. Nígbà mìíràn, ọ̀nà àbùjá kan ló wà nínú ẹran ọkàn tí iná ara ń gbà níbi tí kò yẹ kó gbà. Dókítà á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba òpó ẹ̀jẹ̀ itan lọ títí dénú ọkàn, á rán agbára rédíò sí ẹnu rẹ̀. Bí ẹran ibẹ̀ bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó kú, ọ̀nà àbùjá náà dí. Dókítà kò fojú rí ibi tó ń jó. Ooru tí ẹ̀rọ wọ̀n ní ẹnu wáyà, àti bí ẹran ṣe ń dènà iná tó, ló ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ìwọ̀n ti ń gba irú èsì yìí tipẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1924, Edward Appleton àti Miles Barnett lo rédíò BBC tó wà ní Bournemouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ètò ọjọ́ náà ti parí. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa yí ìgbì rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì fúnra wọn sì ń gbọ́ ọ ní Oxford. Ohùn kan gba ilẹ̀ wá, òmíràn gòkè lọ ó sì padà bọ̀; bí àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ohùn ń lékè, ó tún ń rẹlẹ̀. Láti inú lílékè àti rírẹlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣírò pé ohun kan wà lókè, ní nǹkan bí 100 kìlómítà, tó ń dá ìgbì padà sáyé. Appleton gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 1947. Ẹ rò ó wò: asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an, rédíò tó ń kọrin tó ń ka ìròyìn, ni wọ́n fi bi òfuurufú léèrè, òfuurufú sì fèsì.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó ń tún wáyà abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń lò. Wọ́n á ju ìgbì kúkúrú kan sínú wáyà, wọ́n á sì dúró. Nínú wáyà púpọ̀, ìgbì ń rin nǹkan bí 200 mítà láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà, ó ti lọ ó ti bọ̀; ibi tó bàjẹ́ wà ní 100 mítà. Àwòrán èsì náà tún ń sọ irú ìbàjẹ́ tó wà níbẹ̀: bí wáyà bá já, ìgbì á padà wá ní ìdúró, bí méjì bá fẹnu kanra, á padà wá ní ìdoríkodò. Wọn kò ní gbẹ́ gbogbo títì, ibi tí èsì tọ́ka sí nìkan ni wọn ó gbẹ́.

Ṣùgbọ́n èsì tó jinlẹ̀ jù ni èyí tí ara ń fún ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara. Omi àti ọ̀rá pọ̀ lára wa, háídírójìn sì wà nínú méjèèjì. Àárín átọ́ọ̀mù háídírójìn ni prótọ́ọ̀nù wà. Bí ọmọdé bá ta òkòtó, tó ń yí tó sì ń fì, irú rẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù ń ṣe bí a bá gbé e sínú òòfà. Bí òòfà bá ti lágbára tó ni fífì rẹ̀ ń yára tó. Nínú ẹ̀rọ tí òòfà rẹ̀ jẹ́ 1.5 tẹ́sílà, tí agbára rẹ̀ lé ní ìlọ́po 20,000 ti òòfà ilẹ̀ ayé, ó ń fì nígbà bíi mílíọ̀nù 64 ní ìṣẹ́jú àáyá. Nínú ẹ̀rọ 3 tẹ́sílà, nígbà bíi mílíọ̀nù 128. Bí ìgbì rédíò tó ń mì ní iye yẹn gan-an bá kàn án, prótọ́ọ̀nù á gbà á, á yà kúrò ní ìdúró rẹ̀. Wọ́n á pa ìgbì náà. Nígbà náà ni prótọ́ọ̀nù, bó ti ń padà sípò, á máa rán ìgbì tirẹ̀ jáde. Felix Bloch ní Stanford gbọ́ èsì yìí láti inú omi, Edward Purcell ní Harvard gbọ́ ọ láti inú páráfíìnì, kálukú lọ́tọ̀, ìròyìn wọn sì jáde ní 1946. Wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952.

Ní 1971, onímọ̀ kan, Raymond Damadian, kéde pé èsì kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ lára eku ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀ ju ti ẹran ara tó dára lọ. Ní 1973, onímọ̀ mìíràn, Paul Lauterbur, fi bí a ti ń mọ ibi tí èsì ti wá hàn: ó jẹ́ kí òòfà lágbára ní apá kan ju apá kejì lọ, tó fi jẹ́ pé ohùn ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí omi wà nínú wọn ló fi ya àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́. Peter Mansfield ní Nottingham jẹ́ kí iṣẹ́ náà yá. Lauterbur àti Mansfield ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Ní 1977, nígbà tí Damadian àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ àyà ènìyàn wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n tó wákàtí márùn-ún.

Bí ẹ bá dé yàrá MRI, ẹ wo ògiri àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbà tàbí irin mìíràn ni wọ́n fi bò ó yíká látinú wá. Èsì ara kéré jọjọ, ìgbì rédíò tó ń mì ní iye tó sún mọ́ tirẹ̀ sì wà káàkiri ìgboro. Bí yàrá bá ṣí sílẹ̀, ariwo ìgbì rédíò ìgboro lè bo ohùn ara aláìsàn mọ́lẹ̀. Ariwo gbà-gbà-gbà tí aláìsàn ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ kì í ṣe ti rédíò. Àwọn wáyà tó ń yí òòfà padà ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìgbì rédíò fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbọ́, kò sì jẹ́ irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya X-ray. Síbẹ̀, ẹni tí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà nínú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó wọlé, nítorí òòfà lè fà á, ìgbì sì lè mú un gbóná.

Ibi tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Lẹ́yìn gbogbo làálàá tí àwọn onímọ̀ ṣe láti gba èsì lẹ́nu ara, aláìsàn wa á gba àpò ìwé ńlá, á gbé e délé, kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà kún fún èdè àwọn dókítà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó le bá a sọ̀rọ̀, wọn kò sì dúró gba èsì rẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ fèsì, òun tó ni ara nìkan ni kò gbọ́.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí aláìsàn tàbí ẹbí tó sìn ín lọ bi dókítà ní ohun mẹ́ta: kí lẹ fẹ́ mọ̀ lára mi? Kí ni ara mi sọ? Kí ló kù ká ṣe? Kí dókítà náà, kódà kí èrò pọ̀ níta, fi èdè tó yé aláìsàn dá a lóhùn, kó sì ní kí ó tún un sọ kó lè mọ̀ pé ó yé e. Aláìsàn ló ni èsì àyẹ̀wò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni kí ó yé e kó tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà.