AKIN EUBA: ẸNI TÍ Ó MÚ PÍÁNÒ JÓKÒÓ NÍ AGBO ÌLÙ

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Báyìí ni àwọn baba wa wí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ka ìwé ni ó jẹ́ pé òde ni a ti kọ́kọ́ kó ẹ̀ṣọ́ tiwa, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé kiri. Nítorí èyí ni mo ṣe rí i pé ó yẹ kí a sọ ìtàn Akin Euba sí etígbọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Èkó ni a bí i sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ayé rẹ̀ wá kò yọ ìlú kankan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí nì ni bí ènìyàn ṣe lè kọ́ ọgbọ́n àjèjì délẹ̀ láìsọ tirẹ̀ nù.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1935 ni a bí i. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn orin, òun ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà ní píánò. Ní ayé ìgbà náà, ilé Ọlọ́run ni ibi tí a ti ń kọ́ orin òyìnbó jù lọ ní Èkó. Ekundayo Phillips ni ó sì wà nídìí dùùrù ní Kàtídírà ti Marina láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962. Nígbà tí ó di ọdún 1952, Euba kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ Trinity College of Music. Ọdún márùn-ún ni ó fi kọ́ píánò àti bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orin sínú ìwé. Ó gba ìwé-ẹ̀rí gíga ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú méjèèjì.

Nígbà tí ó padà wálé ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà gbà á sí ẹ̀ka orin. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ti wà nílẹ̀ tí ń dúró de gbogbo olórin Yorùbá tí ó kàwé. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn: ẹni tí ó bá fi ohùn ọkọ̀ pe ọkọ́ ti gbé ohun èlò àgbẹ̀ lọ sójú omi. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí orin ìsìn àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó yí padà di òmíràn létí wa. Phillips ti kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1953 lórí orin Yorùbá, nínú èyí tí ó ti tọ́ka sí bí ohùn èdè ṣe gbọ́dọ̀ darí ohùn orin. Ti píánò tún le ju ti orin ẹnu lọ. Dùndún lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí onílù ti ń fún okùn awọ rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni a yàn fún ojú ìtẹ̀ píánò kọ̀ọ̀kan, kò sì lè fà á. Báwo ni irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sọ Yorùbá?

Ojútùú tí Euba rí kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti wo inú píánò rí. Bí a bá tẹ ọ̀kan nínú ojú ìtẹ̀ rẹ̀ tí ó jẹ́ 88, òòlù kékeré kan ni yóò gbéra nínú lọ́hùn-ún tí yóò lu okùn irin. Nítorí náà, ohun lílù ni píánò. Nínú agbo dùndún ẹ̀wẹ̀, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti àwọn yòókù ń tún ìlù tiwọn lù lábẹ́ rẹ̀ láìdẹwọ́. Ẹnì kan kò lè lu gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ìka mẹ́wàá lórí píánò lè gbìyànjú rẹ̀: ọwọ́ kan a máa tún ìlù omele lù, ọwọ́ kejì a máa sọ̀rọ̀ lókè. Èyí ni ìlànà píánò ti Áfíríkà tí Euba fi orúkọ fún, tí àwọn olórin mìíràn sì ti tẹ̀ lé. Ní ọdún 1963, ó kọ Igi Nla So fún píánò àti ìlù Yorùbá mẹ́rin. Ní ọdún 1964, ó kọ orin píánò kan nípa àwòrán mẹ́rin tí ó wà lára igbá Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ó wú mi lórí jù lọ nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹni tí ó ti gba oyè ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó tún gba oyè méjì sí i ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles ní ọdún 1964 àti 1966, padà wá jókòó ti àwọn onílù dùndún láti wádìí iṣẹ́ wọn. Ìwádìí yìí ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Legon, ní ilẹ̀ Gana, ní ọdún 1974, a sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìlù dùndún jáde ní ọdún 1990. Kò ka àwọn ọmọ Àyàn sí púrúǹtù. Ó mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni agbo ìlù, bí a kò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀.

Olùkọ́ ni ó jẹ́ títí dé ọjọ́ ogbó. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, ó ṣiṣẹ́ ní Bayreuth ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1993 títí di ọdún 2011. Eré olórin rẹ̀ tí ń jẹ́ Chaka, èyí tí ó gbé ka orí ewì Senghor, ni a tún ṣe ní Birmingham ní ọdún 1999. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ó papò dà, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ẹni ọdún 85.

Kò yẹ kí a fi òtítọ́ pamọ́. Orin rẹ̀ kò rọrùn fún etí gbogbo ènìyàn. Nínú orin píánò rẹ̀ ti ọdún 1970 tí ó dá lórí ìgbésí ayé ìbílẹ̀, ó fi ìlù wa pọ̀ mọ́ ìlànà tuntun kan láti Yúróòpù, tí a fi ń to ohùn méjìlá tẹ̀ lé ara wọn, àwọn kan sì lè wí pé kì í ṣe ti ìhín, kì í ṣe ti ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni kò tíì gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe ti olórin nìkan. Etí tí a kò kọ́ kò lè mọ ohun tí a sọ fún un.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo ti rí ọmọ ilé-ìwé tí ó lè ka dò-rè-mí láìṣìṣe, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìyáàlù àti gúdúgúdú. Àwọn àgbà onílù tí ó lè fi ìlù ki àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa kò pọ̀ mọ́, ẹni tí ó bá sì lọ nínú wọn, kò ní padà wá ki í fún wa. Nítorí náà, mo bẹ Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè wa pé kí a san owó fún àwọn àgbà wọ̀nyí kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa nínú ọgbà ilé-ìwé, kí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun sì ràn wá lọ́wọ́ láti gba ohùn ìlù wọn sílẹ̀. Bí a bá sì rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí píánò, ẹ má ṣe dí i lọ́wọ́. Kí a kàn rí i pé ó ti gbé ìlù lápá kí ó tó kúrò nílé.

Àyàn kò ní parun ní ìlú wa. Àṣẹ.