Ìjì Òkèèrè, Omi Etíkun

Ní Sẹ̀kọ̀nà níbí, ìjì tí a mọ̀ ni èyí tó ń ṣí páànù lórí ilé nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti etíkun yàtọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ru ní Kuramo, l'Ékòó, ó ya wọ àwọn ahéré etí omi, ó sì gbé ènìyàn lọ. Omíyalé ni àwọn kan pè é, àmọ́ lójú tiwa, omíyalé òjò yàtọ̀ sí òkun tó kúrò ní ààyè rẹ̀.

Ìjì ńláńlá irú ti Amẹ́ríkà kì í jà ní etíkun wa. Ìgbì ló ń rìn wá bá wa. Láti oṣù Kẹfà sí ìkẹjọ, òtútù ń mú ní ìhà gúúsù ayé, ìjì sì ń jà kíkankíkan lójú òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún. Ìgbì tó bá dìde níbẹ̀ lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó fọ́ sí Èkó. Bó bá bá òkun níbi tó ti kún, ilẹ̀ ni yóò gùn.

Ṣé ìjì nìkan ló jẹ̀bi? Rárá o. Láyé àtijọ́, yanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ èbúté Èkó. Ní 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri wọnú òkun. Ọkọ̀ ráyè wọlé lóòótọ́, àmọ́ yanrìn tí ìgbì ń kó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn há sẹ́yìn ògiri náà. Ilẹ̀ ń fẹ̀ sí i lápá kan; lápá kejì, òkun ń jẹ Bar Beach. Kó tó di 1960, ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi kìlómítà kan ti lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń bu yanrìn dà á padà, kó tó di pé wọ́n mọ odi Eko Atlantic síbẹ̀.

Ayétòrò kò rí irú odi bẹ́ẹ̀. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ Ìlàjẹ tẹ ìlú náà dó sí etíkun tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Nígbà náà, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni wọ́n sì ń kó owó sí. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé wọn. Àwọn tó kù ń tú ilé onípákó wọn, wọ́n ń gbé e sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọ̀hún náà, ẹrẹ̀ àti omi ni.