Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Sinimá Ogun láti Somme dé Bọ́mà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láyé àtijọ́, ọ̀nà méjì péré ni ènìyàn fi ń mọ̀ nípa ogun: yálà kí ó wà níbẹ̀, tàbí kí ó gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ mọ̀ pé gbígbọ́ ni òun gbọ́. Bí ó bá gbà á, ó ń fi ti inú rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán ti dé ojú ogun ni ọ̀nà kẹta ti là. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé sinimá ń fi ojú ara rẹ̀ rí yàrà, ìbọn àti òkú. Ó sì lè dìde níbẹ̀ kí ó búra pé ogun náà ṣojú òun. Bẹ́ẹ̀ ni sinimá ogun, bí ó ti wù kí òtítọ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó, ìròyìn ni. Kì í ṣe àfojúbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí yóò bá fi ṣe ẹ̀rí níláti bi í ní ohun tí à ń bi oníròyìn: ta ni ó rán ọ? Ibo ni o dúró sí? Kí ni ojú rẹ kò tó?

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ọdún 1916, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú yàrà wọn lẹ́bàá odò Somme ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n kọjú ìjà sí àwọn ará Jámánì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn tí ó kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí a kò rí mọ́ ti di 57,470. Nínú wọn, 19,240 ni ó kú. Ọkùnrin méjì, Geoffrey Malins àti John McDowell, ni a fún láyè láti ya àwòrán ìjà náà. Ẹ̀rọ wọn wúwo. Orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ń gbé e kà, ọwọ́ ni a sì fi ń yí i. Ẹni tí ó bá gbé irú rẹ̀ nàró ní gbangba níwájú ìbọn arọ̀jò-ọta, ikú ni ó ń wá. Nítorí náà, ohun tí apá wọn ká ni wọ́n yà: ìbọn ńlá tí ń dún, àwọn ọmọ-ogun tí ń wọ́ lọ, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ tí a ń gbé bọ̀, àti àwọn ará Jámánì tí a kó lẹ́rú. Malins tilẹ̀ ya òkè Hawthorn bí ohun abúgbàù tí a rì sábẹ́ rẹ̀ ti gbé ilẹ̀ ibẹ̀ fò sókè, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìjà bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí òǹwòran fẹ́ rí jù lọ ni ìgbà tí àwọn ọmọ-ogun gun ẹnu yàrà jáde. Èyí náà wà nínú sinimá tí a pè ní The Battle of the Somme, ó sì hàn gbangba pé ẹnìkan ṣubú, kò dìde mọ́. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní gbà pé kì í ṣe ojú ogun ni a ti yà á. Ẹ̀yìn ogun, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ-ogun ní ìjà, ni a ti ṣe é bí eré. Kò tó ìṣẹ́jú méjì nínú sinimá tí ó lé ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n òun ni ó wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jù. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1916 ni a ti ń fi sinimá náà hàn. A sì ṣírò pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan bí 20,000,000 tíkẹ́ẹ̀tì ni a tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò sọ sinimá náà di irọ́. Ọgbẹ́ inú rẹ̀, ọgbẹ́ gidi ni. Ojú àwọn tí ó rẹ̀ gidi ni. Abájọ tí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìrántí ayé ní ọdún 2005. Ohun tí ó fi kọ́ni ni pé ibi tí ojú ẹ̀rọ kò tó, ọwọ́ ènìyàn ni ó dí i.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ayàwòrán ti di ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì. Roy Boulting ni ó darí Desert Victory, sinimá ìjà El Alamein ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó jáde ní ọdún 1943 tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar. Òru ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè ríran nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ sinimá Pinewood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ya díẹ̀ nínú ìjà òru ọ̀hún.

Boulting kan náà ni ó darí Burma Victory ní ọdún 1945. Ní ọdún yẹn, eré Amẹ́ríkà kan, Objective, Burma!, ti bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú, nítorí ó jọ bí ẹni pé àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni ó gba Bọ́mà. Bí àwọn ìlú ńlá méjì ti ń du ògo nìyí. Ṣùgbọ́n nínú Ẹgbẹ́ Ogun Kẹrìnlá tí ó ṣẹ́gun Jàpáànù ní Bọ́mà, àwọn ará Íńdíà ni ó pọ̀ jù, ẹ̀ka kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin sì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọ̀kan. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ó ń ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò Kaladan, wọ́n sì yìnbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni ó kù níbẹ̀. Àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án títí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Ẹ̀rọ ayàwòrán kankan kò sí nínú igbó náà, kò sì sí ẹni tí ó rán ọ̀kan síbẹ̀.

Fadoyebo fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Nígbà tí ó di ọdún 2011, Barnaby Phillips ti ilé-iṣẹ́ Al Jazeera fi ṣe sinimá Burma Boy. Ó bá arúgbó náà sọ̀rọ̀ nílé, lẹ́yìn náà ó lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n Phillips rí àwọn ẹbí rẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ọpẹ́ tí Fadoyebo rán sí wọn. Ní ọdún 2012 ni Fadoyebo fi ayé sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé sinimá ìkẹyìn yìí ti kúrò ní ìròyìn, tí ó ti di àfojúbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ó dé; ìrántí arúgbó ni ó gùn lé. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé ó bi ẹni tí a kò bi rí, ó sì jẹ́ kí a rí i pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni ogun. Oúnjẹ tí tálákà gbé fún àlejò tí ó ń sá fún ikú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Sinimá mìíràn yóò tún wá, ti ogun mìíràn. Kí àwọn olùkọ́ máa fi wọ́n han ọmọ ilé-ìwé, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá tàn padà nínú yàrá, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pé ta ni kò sí nínú àwòrán. Ní ti ogun Bọ́mà, ìdáhùn rẹ̀ lè wà nínú lẹ́tà àti fọ́tò tí bàbá àgbà kan fi sílẹ̀ sínú àpótí, bí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá tíì sun wọ́n níná.