Orísun Orin Rave àti Àwọn Àwo Tí Ó Yẹ Kí Àlejò Kọ́kọ́ Gbọ́

Àwọn àgbà a máa ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Orí òwe yìí gan-an ni orin tí ayé ń pè ní rave jókòó lé, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí kò rí owó kó ẹgbẹ́ olórin jọ, ní ìlú Chicago àti ìlú Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ẹ̀rọ àlòkù tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọjà dá a sílẹ̀, kí ó tó sọdá òkun, kí ó tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ agbo yìí ni ó rò pé Yúróòpù ni ó bí i, wọ́n sì ń fi oyè ẹni tí ó dá a dá àwọn tí ó jogún rẹ̀ lọ́lá. Èyí kò tọ́, odò tí ó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fa àlejò lọ́wọ́ láti àwo dé àwo, bí orin náà fúnra rẹ̀ ṣe rìn.

Ilé-iṣẹ́ Roland ní ilẹ̀ Japan ni ó ṣe TB-303, àpótí kékeré aláwọ̀ fàdákà, láàárín ọdún 1981 sí 1984, pẹ̀lú èrò pé kí ó máa ṣe iṣẹ́ gìtá báàsì fún akọrin tí kò ní ẹnìkejì. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti gìtá rárá, ọjà kò tà, wọ́n sì pa á tì lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe bí 10,000. Bí àlòkù ni ọ̀kan nínú wọn ṣe bọ́ sí ọwọ́ Spanky ní Chicago, òun àti DJ Pierre àti Herb J, tí wọ́n jọ ń jẹ́ Phuture. Wọn kò mọ bí a ṣe ń to orin sínú rẹ̀. DJ Pierre kàn ń yí àwọn bọ́tìnnì ojú rẹ̀ síwá sẹ́yìn ni, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń lọ́, ó ń rojọ́, ó ń sunkún, bí ìgbà tí onídùndún bá ń fún ọsán mọ́ abẹ́ abíyá tí ó sì ń tú u sílẹ̀. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni Acid Tracks, tí Marshall Jefferson bá wọn ṣe àbójútó rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Trax sì gbé jáde ní ọdún 1987. DJ Pierre fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ bí Ron Hardy ṣe kọ́kọ́ lò ó ní ilé ijó Music Box: nígbà àkọ́kọ́, agbo dá páropáro, ó tún un lò, wọ́n ń wò ó, ó tún un lò lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin ní òru kan náà, orí ti yá àwọn oníjó, ariwo sì gba ilé kan. Ibẹ̀ ni kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì mú sùúrù, nítorí pé orin náà gùn ju ìṣẹ́jú 10 lọ, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè yọjú.

Detroit, ìlú alágbẹ̀dẹ mọ́tò, ìlú tí irin ń bá wọlé tí ọkọ̀ ń bá jáde, ti ń rọ nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá. Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, tí wọ́n pàdé ara wọn níléèwé ní Belleville nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n fa techno jáde. Kí àlejò gbọ́ Strings of Life tí Derrick May ṣe ní 1987: pianó ń sáré, ìlù ń lé e, kò sì sí báàsì kankan nísàlẹ̀ tí yóò gbé e dúró, síbẹ̀ kò ṣubú.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni Danny Rampling, Paul Oakenfold àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn gba fàájì lọ sí erékùṣù Ibiza ní ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n gbọ́ irú orin yìí lọ́wọ́ DJ Alfredo, tí wọ́n sì gbé e wálé. Kí ọdún tó parí, Rampling ti dá agbo Shoom sílẹ̀ nínú ilé eré ìdárayá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní Manchester, ìlú a-fi-òwú-là, wọ́n ti ń jó o ṣáájú ní ilé ijó Haçienda, ìlú náà ni Gerald Simpson, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, sì ti ṣe Voodoo Ray ní 1988 lábẹ́ orúkọ A Guy Called Gerald. Voodoo Rage ni ó fẹ́ kí ohùn inú orin náà máa pè. Ẹ̀rọ tí ó fi ká ohùn náà sílẹ̀ kò ní àyè tó, ó gé ìdí ọ̀rọ̀ náà nù, Gerald sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí àjákù yẹn ni ohùn obìnrin kan ń fò lọ fò bọ̀. Bí a bá ní kí n mú ẹyọ àwo kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí, òun ni n ó mú.

Nígbà tí ó di 1989, ilé kò gba èrò mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lọ sí pápá àti ilé ìkẹ́rùsí tí ó wà lẹ́bàá M25, ọ̀nà ńlá tí ó yí Lọ́ńdọ̀nù ká; títí di òru ọjọ́ ijó, oníjó kì í mọ ibi tí agbo wà, àfi bí ó bá pe nọ́ńbà tẹlifóònù kan, kí wọ́n tó júwe ọ̀nà fún un. Láti ara ọ̀nà yìí ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Hartnoll ti mú orúkọ Orbital, àwọn tí wọ́n ká Chime sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn, tí orin náà sì dé ipò 17 nínú àwọn orin tí ó ń tà jù ní 1990. Energy Flash ti Joey Beltram, ọmọ New York, jáde lọ́dún kan náà. Ó wúwo, ó ṣú dùdù, kí ẹni tuntun fi í sílẹ̀ di ìgbà tí etí rẹ̀ bá ti gbó. N kò ní fi oògùn ecstasy pamọ́ nínú ìtàn yìí, nítorí pé ó wà nínú agbo náà, ó sì pa lára àwọn ọ̀dọ́.

Ìlù Gregory Coleman ni ó dùn mí jù. Ní 1969, nínú orin Amen, Brother tí ẹgbẹ́ The Winstons kọ, òun nìkan dá lu ìlù fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 7. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gé ibẹ̀ yọ, tí wọ́n mú un yára, tí wọ́n sì fi í kọ́ ilé orin jungle láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹni tí ó bá gbọ́ We Are I.E. ti Lennie De Ice, ti 1991, ọwọ́ Coleman ni ó ń gbọ́. Coleman kú ní 2006, kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Ní 2015 ni àwọn olólùfẹ́ orin tó dá owó tí ó lé ní £20,000 jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà.

Ìlù tí ó bá dún jù, fífàya ni í fà ya. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, èrò tí ó ju 20,000 lọ pé jọ sí pápá Castlemorton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jó fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìjọba bínú, wọ́n sì ṣe òfin ní 1994 tí ó fún ọlọ́pàá lágbára láti tú àpéjọ òru ní gbangba ká, bí orin tí ìlù rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ lù bá ń dún níbẹ̀. Autechre, àwọn méjì láti Rochdale lẹ́bàá Manchester, fi àwo Anti dá wọn lóhùn lọ́dún náà: nínú orin Flutter, wọ́n to ìlù lọ́nà tí ẹsẹ̀ kan kò fi bá èkejì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí òfin má baà rí àtúnlù kankan dì mú, wọ́n sì kìlọ̀ lára àpò rẹ̀ pé kí DJ tí yóò bá lò ó mú lọ́yà àti onímọ̀ orin dání. Èrè rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Liberty, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.