Ìfọ̀ Jọ́ńṣọ̀n: Ojú Irin Tó Kọjú sí Ààlà, Tí Kò Dé Ibẹ̀

Nínú máàpù ojú irin Nàìjíríà àtijọ́, ìlà gbọọrọ kan jáde láti Ìdó ní Èkó, ó gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, títí dé Kánò. Ṣùgbọ́n ní Ìfọ̀, ẹ̀ka kékeré kan yà sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ó gba Ìlaròó, ó sì parí sí Ìdógò, tí kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà àti Benin. Ìdí nìyẹn tí Ìfọ̀ fi di jọ́ńṣọ̀n. Kí ló dé tí irin náà fi dúró sí Ìdógò, nígbà tí Yorùbá ṣì wà níwájú?

Ààlà ló ṣáájú irin. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé lórí bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ náà. Kétu, Pọbẹ̀ àti Ìtakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ní 1891, Gẹ̀ẹ́sì gba Ìlaròó. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1901.

Faransé náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n la ojú irin tiwọn láti Àjàṣẹ́, ó gba Ìtakété dé Pọbẹ̀. Láti Ìdógò sí Pọbẹ̀ kò tó 50 kìlómítà, síbẹ̀ irin méjèèjì kò pàdé. Kódà, fífẹ̀ wọn kò dọ́gba: ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 1,067, ti Faransé jẹ́ 1,000. Ọkọ̀ ti ìhín kò lè rìn lórí irin ti ọ̀hún.

Àmọ́ mìlímítà 67 kọ́ ló dí ọ̀nà. Owó ni. Kòkó, epo àti èkùrọ́ ni ìjọba amúnisìn ń wá. Èkùrọ́ tó bá ti Ìlaròó wọ Ìfọ̀, tó sì dé èbúté Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gba owó ọkọ̀ àti owó orí ọjà rẹ̀. Èyí tó bá kọjá sí Pọbẹ̀, Faransé ló jèrè rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀ka Ìdógò tilẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, Èkó ni ẹrù rẹ̀ ń lọ, bí odò kékeré ṣe ń ṣàn wọ odò ńlá. Wọn ò là á kí ará Ìlaròó lè bẹ ìbátan rẹ̀ wò ní Pọbẹ̀.

Àwọn èèyàn kò sì dúró de irin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, owó orí àti fífi agbára kó ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun mú kí àwọn Ọ̀họ̀rí, ní agbègbè Pọbẹ̀, dìde sí ìjọba Faransé. Ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọ̀hún sá wá sí apá ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, inú igbó ni wọ́n gbà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè wọn ni wọ́n sì forí lé. Bí a bá fi máàpù rélùwéè nìkan kọ ìtàn Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, a ò ní rí ìrìn àjò yìí rárá.

Ní 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Fífẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Ó dúró ní Kájọlà àti Pápáláńtò, ṣùgbọ́n kò yà sí Ìlaròó. Ẹ̀ka àtijọ́ ti dákẹ́ ní tirẹ̀. Mọ́tò àti ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé lọ sí ààlà báyìí.

Bí ìjọba bá tún sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ la ojú irin dé ààlà, ó yẹ ká yọ̀, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń kó ẹrù lọ, ká sì béèrè bóyá èèyàn lè wọ̀ ọ́ dé Pọbẹ̀. Wọn ò bi àwọn bàbá wa ní Ìlaròó àti Pọbẹ̀ léèrè nígbà tí wọ́n ń la ti àkọ́kọ́.