Omi Tó Di Òwú: Ìtàn Adágún Ńlá Aral

Àwọn baba wa a máa sọ pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtùnú sì ni èyí jẹ́ fún àwa tí a bí sí ilẹ̀ òjò. Ṣùgbọ́n ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Éṣíà, níbi tí òjò ọdún kan kò ti tó òjò oṣù kan lọ́dọ̀ wa, àwọn ènìyàn kan ń bẹ tí à ń pè ní Karakalpak, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Onífìlà Dúdú, tí omi tiwọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé yóò kọjá wọn. Aral ni orúkọ adágún tí àwọn baba ńlá wọn ń gbé ní etí rẹ̀, ó sì tóbi, ó sì níyọ̀ débi pé òkun ni gbogbo ayé ń pè é. Ní 1960, adágún mẹ́ta péré ló jù ú lọ ní gbogbo àgbáyé. Ó gba ilẹ̀ tó nǹkan bí 68,000 kìlómítà níbùú-lóòró, àwọn erékùṣù inú rẹ̀ sì lé ní 1,000, àwọn ni wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí erékùṣù ni aral ń jẹ́ ní èdè àwọn ará ibẹ̀.

Aṣálẹ̀ méjì ló há a mọ́ àárín: Karakum, tí í ṣe Yanrìn Dúdú, ní ìhà gúúsù, àti Kyzylkum, Yanrìn Pupa, ní ìhà ìlà oòrùn. Oòrùn ibẹ̀ a máa mu tó mítà kan lórí omi náà lọ́dọọdún, odò kan kò sì ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Ohun tó gbé e dúró láti ayébáyé ni odò méjì tí ń wọlé tọ̀ ọ́ wá: Amu Darya, tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pè ní Oxus, ọmọ òkè Pamir, arìnrìn-àjò tí ń la àárín iná kọjá tí kì í jóná, àti àbúrò rẹ̀ Syr Darya, tí ń ti òkè Tian Shan bọ̀, àwọn méjèèjì tí òjò dídì orí òkè ń yọ́ fún ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tí ilẹ̀ ń kígbe òùngbẹ. Bí àwọn odò wọ̀nyí bá ń wọlé déédéé, Aral ń kún. Bí wọn kò bá wọlé, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bu omi fún un.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan omi náà rí. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ará Khwarezm, ilẹ̀ tí al-Khwarizmi onímọ̀ ìṣirò ti gba orúkọ rẹ̀, ti ń gbẹ́ ipa omi láti inú Amu Darya lọ sí oko wọn, nígbà tí ogun Genghis Khan sì fọ́ Gurganj, olú-ìlú wọn, ní 1221, tí ó ba àwọn ìsédò wọn jẹ́, odò náà yí orí padà sí ibòmíràn fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ́ àti agbára apá ni àwọn ará ìgbàanì fi ń gbẹ́lẹ̀, ìwọ̀n tí ọkọ́ sì lè bù nínú odò ńlá kò tó nǹkan.

Òwú ló yí ọ̀ràn náà padà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865, tí òwú ibẹ̀ kò jáde mọ́, àwọn ilé ìhunṣọ Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í wá òwú kiri, ojú wọn sì rọ̀ mọ́ ilẹ̀ gbígbóná tó wà létí odò méjèèjì. Ní 1873 ọba Khiva, ní ilẹ̀ Khwarezm náà, tẹrí ba fún ọba Rọ́ṣíà. Ìjọba Sófíẹ̀tì tó dé lẹ́yìn náà jogún ìfẹ́ ọkàn yìí, ó sì fi kún un. Ohun kan ń dùn mí nínú ìtàn yìí: ní 1921, nígbà tí ìyàn ńlá mú ní ẹkùn odò Volga, Lenin, olórí ìjọba náà, kọ̀wé sí àwọn apẹja Aral pé kí wọ́n ran àwọn tí ebi ń pa lọ́wọ́, wọ́n sì kó ẹja kún wágọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin 14 ránṣẹ́. Ìjọba tó jẹ ẹja Aral ní ọjọ́ ìpọ́njú yìí náà ni yóò gba omi lẹ́nu ẹja ọ̀hún.

Ní 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ipa omi Karakum, tí gígùn rẹ̀ wá lé ní 1,300 kìlómítà, tí ó ń gbé omi Amu Darya gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Turkmenistan. Inú yanrìn lásán ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, láìrẹ́ ìdí rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ń mu púpọ̀ kó tó dé oko. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì yóò fi tú ká, ilẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin láti inú odò méjèèjì ti lé ní mílíọ̀nù 7 hẹ́kítà. Kò yẹ kí a gbèjà wọn pé wọn kò mọ̀: àwọn onímọ̀ wọn ti ṣírò rẹ̀ pé adágún náà yóò fà, wọ́n sì pinnu pé òwú yóò mówó wọlé ju ẹja lọ. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Amu Darya kò gbàgbé orísun, ilé tó ń lọ ni wọn kò jẹ́ kó dé.

Bí omi ti ń fà, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń kì. Gíráàmù iyọ̀ bíi 10 ló wà nínú lítà omi Aral kan ní 1960. Nígbà tó yá, ní apá gúúsù, ó ju 100 lọ. Àwọn apẹja tí wọ́n ń kó ẹja tó lé ní 40,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún kò rí ohunkóhun kó mọ́ nígbà tí ọdún 1980 fi kọjá díẹ̀. Ní ìlú Moynaq, níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń di ẹja sínú agolo, wọ́n gbẹ́ ojú omi fún ọkọ̀ láti máa lépa òkun tó ń sá lọ, títí ó fi sú wọn; wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹja dídì wá láti òkun Baltic kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà jókòó lásán. Àwọn ọkọ̀ apẹja gúnlẹ̀ sórí yanrìn, ìpẹtà bò wọ́n, ràkúnmí sì ń sinmi ní òjìji wọn. Ní 1987, adágún náà là sí méjì.

Àìsí omi nìkan kọ́ ni ìyà náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi ń tọ́jú òwú, DDT wà lára rẹ̀, wọ́n sì tún ń fi oògùn mìíràn gbọn ewé òwú dànù kí ìkórè lè yá. Omi tó bá ṣẹ́kù lóko, tó ti fi iyọ̀ ilẹ̀ àti oró oògùn wẹ̀, wọn a dá a padà sínú odò, ẹni tó bá sì wà ní ìsàlẹ̀ odò ni í bu omi yìí mu. Ọdọọdún ni gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ Aral. Nígbà tí omi lọ tán, ìdí adágún wá di aṣálẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Aralkum, Yanrìn Aral. Ìjì a sì máa gbé eruku rẹ̀, iyọ̀ òun oró, káàkiri oko, inú kànga àti inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Àwọn aboyún kò ní ẹ̀jẹ̀ lára tó, ikọ́ ń bá àwọn ọmọdé jà, àìsàn kíndìnrín pọ̀, omi kànga sì níyọ̀ débi pé tíì tí wọ́n fi ṣe àlejò ń ta lẹ́nu. Iyọ̀ tí àwa fi ń ṣàdúrà fún ìkókó níbi ìsọmọlórúkọ, kí ayé rẹ̀ lè dùn, òun ni ìyá ọmọ ní Moynaq ń gbá lórí ibùsùn ọmọ tirẹ̀.

Ìbàjẹ́ kan tún wà tó pamọ́ jù èyí lọ. Lórí erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Vozrozhdeniya, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Àtúnbí, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì ń dán àrùn wò gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà. Ní 1971, Ṣọ̀pọ̀nná, ọba ilẹ̀ gbígbóná, bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Aralsk, èbúté adágún náà. Ènìyàn 10 ló mú, 3 sì kú nínú wọn. Omi ni odi tó yí erékùṣù náà ká, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2001 odi ti wó, ilẹ̀ ti so pọ̀, ó sì di dandan kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Uzbekistan lọ pa àwọn kòkòrò àrùn anthrax tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 2002.

Àwọn ará àríwá, ní Kazakhstan, kò káwọ́ gbera. Yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi sé ẹnu ọ̀nà tí omi Syr Darya ń gbà sá lọ sí gúúsù. Omi wó o ní 1999. Ẹni tó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù: ní 2005 ìsédò Kokaral parí, kìlómítà 13 ní gígùn, owó Báńkì Àgbáyé sì wà nínú rẹ̀. Láìpé ọjọ́, omi gòkè ní nǹkan bí mítà 4, iyọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ẹja odò padà wọlé, àwọn ọmọ apẹja sì tún ń ju àwọ̀n. Ti gúúsù kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ìlà oòrùn rẹ̀ gbẹ kanlẹ̀ ní 2014, àwọn ará Uzbekistan sì ń gbin igi saxaul sórí ìdí òkun àtijọ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di iyanrìn mú.

Ní 1992, orílẹ̀-èdè márùn-ún tó jáde lára Sófíẹ̀tì fọwọ́ sí ìwé lórí bí wọn yóò ṣe máa pín omi odò méjèèjì. Àfùgànísítàn, tí Amu Darya ń gba ẹnu ààlà rẹ̀ kọjá, kò sí nídìí ìwé náà. Ní 2022 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ipa omi tirẹ̀, Qosh Tepa, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 285 kìlómítà, inú yanrìn ni òun náà sì gbà lọ.